Ìyá Alápò Ń Wá Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Bíbélì

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sì jọ ṣèlérí lọ́jọ́ kejì ọdún pé a ó máa ka Bíbélì lójoojúmọ́. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí ìlérí tèmi dé. Ọjọ́ kọkànlá ni mo kà á gbẹ̀yìn. Obìnrin tó ń ká aṣọ ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ní tòun, fóònù lòun fi ń gbọ́ ọ, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni yẹn gan-an la sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ́jọ́ tí a ṣèlérí, torí pé kò tíì pé ọdún méjì tó mọ ìwé kà.

Ìyá Alápò là ń pè wọ́n. Orí tábìlì wọn ni gbogbo aṣọ ilé ìwòsàn ń gbà kó tó wọnú ẹ̀rọ: kóòtù dókítà, aṣọ nọ́ọ̀sì, épúróònù àwọn tó ń dáná, ẹ̀wù aláìsàn. Iṣẹ́ wọn ni láti ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti rí eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé, wọ́n ti rí òrùka ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì rí lẹ́tà ìfẹ́ kan nígbà kan rí, tí wọ́n gbé fún ìyàwó dókítà tó ni kóòtù nítorí pé wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Ilé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Òfin kan ni Ìyá Alápò ní, wọn kì í sì í fi ṣeré. O ò gbọdọ̀ sọ pé kò sí nǹkan nínú àpò títí ìka rẹ yóò fi kan ojú rírán tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí pé o fọwọ́ gbá a lóde. Kò sí pé ó rí pẹlẹbẹ. Èmi ni mo fọwọ́ gbá kóòtù kan lóde lọ́jọ́ kan tí wọn ò wá síbi iṣẹ́, bíírò tó wà nínú rẹ̀ sì bẹ́ sára ogójì aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Títí di òní, tí mo bá ti ń gbéra ga, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ búlúù yẹn ni wọ́n máa ń nà sí mi.

Èmi yìí náà ni mo kọ́ wọn ní ìwé. Orúkọ tí wọ́n ń rán sí ọrùn kóòtù la fi kọ́ ááfábẹ́ẹ̀tì, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, orúkọ dókítà kan lójúmọ́ kan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni wọ́n nígbà yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtìjú lẹ́tà ìfẹ́ yẹn ló lé wọn dé ìdí ìwé. Kì í ṣe òun. Ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Alápò bí, obìnrin ni, onídìrí ni. Ọkọ tó fẹ́ máa ń lù ú, ó lù ú débi pé etí òsì rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìlérí wa, ọmọ náà gbé báàgì kan, ó padà wálé. Ó bá wọn lẹ́nu àdúrà àárọ̀. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Káfíńtà, ò tiẹ̀ jẹ́ kó gbé báàgì sílẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Bíbélì ńlá tó wà níwájú wọn, wọ́n ní ó wà nínú ìwé yìí pé ọmọbìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀ mọ́. Ìyá kúnlẹ̀, ìyá sunkún. Bàbá ní kì í ṣe òun lòun sọ ọ́, Bíbélì ló sọ ọ́. Ọmọ náà yí padà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó lọ gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun. Láti ọjọ́ náà, ìyá ló ń lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Yàrá tirẹ̀ nílé wà ní títì, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ti wú mọ́ férémù.

Inú mi ò dùn sí Bàbá Káfíńtà nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, mi ò sì ní purọ́ fún yín, kò tíì dùn sí wọn tán báyìí. Ohun tó bí mi nínú jù ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ. Ìyá Alápò nu ojú wọn, wọ́n bi ọkọ wọn pé apá ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Bíbélì. Bàbá ní, "Ó wà nínú rẹ̀. Wá a." Bàbá sì rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó àwọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti B. Ẹ̀rín yẹn ni àṣìṣe wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá Ìyá Alápò ṣiṣẹ́ rí ò jẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá nǹkan.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwa mẹ́ta ń ṣèlérí torí pé ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, Ìyá Alápò mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ìyàwó pásítọ̀ wọn gbọ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ra Bíbélì tuntun fún wọn, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dá a padà. Mo ní ẹ̀bùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá padà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Tí bíírò bá wà nínú kóòtù yìí, ṣé àpò kóòtù mìíràn ni kí n lọ yẹ̀ wò? Inú ti ilé wa ni wọ́n ti kà á sí mi létí. Inú rẹ̀ náà ni màá ti rí i, tàbí kí n má rí i."

Ti ilé wọn yẹn, ó dúdú, ó wúwo bí bíríkì. Bàbá tó bí Bàbá Káfíńtà, tí òun náà jẹ́ káfíńtà, ló fi sílẹ̀ fún wọn. Lójoojúmọ́, tí àdúrà àárọ̀ bá ti parí, Ìyá Alápò á wé e sínú àpò ìrọ̀rí, wọ́n á gbé e wá síbi iṣẹ́. Omi ẹ̀rọ wa máa ń gba ìdajì wákàtí kó tó gbóná. Ìdajì wákàtí yẹn ni wọ́n fi ń kàwé, ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn rara bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kan ibi tí ẹni yìí ti bí ẹni yẹn, tí ẹni yẹn náà bí ẹlòmíràn, ahọ́n wọn ń kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì sú mi. Mo ní kí wọ́n fo àwọn orúkọ yẹn, pé kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n da aṣọ sẹ́rọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ka gbogbo orúkọ náà tán, omi sì hó lórí ẹni tó kẹ́yìn.

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá wọn. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, òun ti ka ìwé náà tán ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, òun á sì bá wọn sọ fún ọkọ wọn. Èmi rò pé wọ́n á fò sókè fún ayọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, pásítọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkùnrin kan ti ń sọ ohun tó wà nínú ìwé yìí fún mi. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin kejì wá sọ ohun tí kò sí níbẹ̀ fún mi." Nígbà tí pásítọ̀ lọ, wọ́n ní ẹnu méjì ni yóò kàn máa ta ko ara wọn lórí ọmọ àwọn, nígbà tí ọkọ àwọn bá sì bi àwọn pé ṣé àwọn ti kà á tán, kí làwọn fẹ́ sọ?

Bàbá Káfíńtà ò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ Mósè ni ìyàwó àwọn máa há sí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn. Oṣù karùn-ún, Ìyá Alápò jáde lọ́dọ̀ Mósè. Wọ́n ti bá àwọn ọmọbìnrin márùn-ún kan pàdé níbẹ̀ tí wọ́n dúró níwájú gbogbo àgbààgbà láti béèrè ohun tó tọ́ sí wọn nílé bàbá wọn, tí a sì dá wọn láre. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń sọ nípa àwọn márùn-ún yẹn, bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ fún ọkọ wọn nídìí oúnjẹ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n jẹun. Bàbá wá ní òun rántí dáadáa báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọba ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà. Nígbà tí wọ́n parí tàwọn ọba, ó di ọ̀dọ̀ àwọn wòlíì.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Alápò ò bá Bíbélì lórí tábìlì. Bàbá ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn, wọ́n tì í mọ́nú àpótí irinṣẹ́, wọ́n ní omi ilé ìfọṣọ á bà á jẹ́. Ìyá Alápò ò pariwo. Wọ́n kàn lọ síbẹ̀, wọ́n jókòó sórí tábìlì gígùn tí ọkọ wọn fi ń fá pákó, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Bàbá ní kí wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń sinmi ni. Oníbàárà méjì wá, wọ́n kí wọn, wọ́n jókòó tì wọ́n. Wákàtí méjì kọjá, kò sí pákó kankan tí a fá. Bàbá ṣí àpótí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Ìyá Alápò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì kàwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ.

Ọdún tuntun mìíràn bá wọn nínú Orin Dáfídì. Àwa tún ṣèlérí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wá le. Ẹni tó ni ilé tí Onídìrí ń gbé fẹ́ wó o, ó ní kó jáde kí oṣù kọkànlá tó parí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílùú tó jìnnà gan-an ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé tóun bá lọ, òun ò rò pé òun á padà. Ìyá Alápò sọ fún mi, ojú wọn pọ́n. Mo ní ó parí nìyẹn, kí wọ́n fo àwọn wòlíì tó kù, kí wọ́n sọ fún ọkọ wọn pé àwọn ti kà á tán, ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní, "Èmi á mọ̀." Inú bí mi débi pé mo fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn kóòtù tí mò ń lọ̀ lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn lójú ara wọn pé orí kunkun wọn ló máa gbé ọmọ wọn lọ, kì í ṣe Bíbélì. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbi iṣẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú gbogbo wa.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n parí Málákì. Èmi ń mú áyọ́ọ̀nù mi gbóná lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ ṣí ewé tó kàn, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fọwọ́ ra ewé náà bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ ra etí kóòtù. Mo ní ewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra, ìwé ti gbó, kí wọ́n kọjá sí Mátíù. Wọ́n ní, "Nǹkan wà níbí."

A da omi díẹ̀ sórí aṣọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ooru ń yọ, Ìyá Alápò sì na ewé náà sójú ooru yẹn, wọ́n ń fi èékánná yà á díẹ̀díẹ̀. Ó là. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ ló wà nínú rẹ̀, bíírò búlúù tó ti ń ṣá. Ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ilé náà ló wà lókè, ti Bàbá Káfíńtà ni ìkẹta. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo fẹ́ kà á fún wọn, wọ́n gbá ọwọ́ mi. Wọ́n kà á fúnra wọn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: Ọmọbìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀ mọ́. Èmi bàbá wọn ni mo kọ ọ́. Ọdún tó kọ sí i, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Bàbá Káfíńtà nígbà náà.

Ìyá Alápò jókòó. Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Bàbá Káfíńtà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé yẹn. Ìyá ọkọ àwọn ló sọ ọ́ fún àwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ọmọ náà sá kúrò nílé ọkọ, wọ́n lé e, òkèèrè ló sì kú sí. Bàbá Káfíńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní kékeré, láti ẹnu bàbá tó ṣí Bíbélì sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn. Ibi mẹ́ta péré ni Bàbá fúnra wọn máa ń ṣí nínú ìwé náà láti ìgbà tó ti di tiwọn.

Mo ní kí wọ́n fà á ya. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, àmọ́ mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní rárá, ọkọ àwọn ò purọ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ àpò épúróònù tiwọn, wọ́n yọ bíírò tí a fi ń sàmì sí aṣọ ilé ìwòsàn, èyí tí ọṣẹ kankan ò lè bó. Omi hó, ẹ̀rọ ń pariwo, aṣọ ń dúró dè wá, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mira. Ìyá Alápò ń kọ̀wé, ahọ́n wọn wà láàárín eyín. Kò sẹ́ni tó pè é fún wọn kọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́, mi ò bù mọ́ ọn. Nígbà àdúrà, Ìyá Alápò ní àwọn ni àwọn máa kàwé lónìí. Wọ́n ṣí ojú ewé yẹn, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Káfíńtà na àyà, wọ́n ní, "Ṣé mo sọ fún ọ?" Ìyá Alápò wá ka èyí tó tẹ̀lé e, pé èmi bàbá wọn ni mo kọ ọ́. Wọ́n yí ìwé náà sí ọkọ wọn. Bàbá wọ awò ojú. Wọ́n dá ìwé ọwọ́ bàbá wọn mọ̀.

Ìyá Alápò ní kí wọ́n wo etí ewé náà dáadáa. Gọ́ọ̀mù káfíńtà ló wà níbẹ̀, ó yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bàbá fi èékánná ha á, wọ́n gbé ìwé súnmọ́ ojú. Káfíńtà ni wọ́n, ọmọ káfíńtà sì ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù.

"Kò ṣèèṣì ṣàn síbẹ̀," Bàbá ní. "Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà á ni. Ọwọ́ bàbá mi nìyí."

"Bàbá yín ló kọ ọ́," Ìyá Alápò ní, "bàbá yín náà ló pa á dé. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń kà á."

Bàbá fi ìka tẹ̀lé ewé náà wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó dúdú kirikiri, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó sì wọ́. Ọmọbìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ, kó máa bọ̀ nílé ìyá rẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo kọ ọ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni. Íńkì ilé ìfọṣọ ni. Kò ní ṣí."

Bàbá Káfíńtà dìde, wọn ò ṣe àmín, wọ́n jáde. Ìyá Alápò rò pé ìbínú ni, wọ́n sì ti múra sílẹ̀ fún un. Wọ́n ti pinnu pé tí bàbá bá ta kú, àwọn á bá ọmọ àwọn lọ sí ìlú òkèèrè yẹn. Bàbá padà wọlé pẹ̀lú ìfági àti òòlù. Wọ́n lọ síbi ìlẹ̀kùn tó ti wú, wọ́n fi èjìká tì í títí ó fi ṣí, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára férémù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò tọrọ àforíjì pẹ̀lú, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì ṣì ń bí mi nínú nìyẹn. Ìyá Alápò ní kí n fi ọkọ àwọn sílẹ̀ fún àwọn.

Onídìrí kó dé lọ́jọ́ Sátidé. Báàgì ti di mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ gba èyí tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé e wọ yàrá, ìlẹ̀kùn ò sì dún.

Oṣù kejìlá la wà báyìí, Máàkù ni Ìyá Alápò wà. Ọkọ wọn bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún ń wá, ṣebí wọ́n ti rí i. Wọ́n ní ìka àwọn ò tíì kan ìsàlẹ̀. Lúùkù ló kàn. Èmi mọ ìtàn tó wà níbẹ̀, ti bàbá kan tó sáré jáde lọ pàdé ọmọ tó ń bọ̀ nílé. Obìnrin tó ń ká aṣọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn lánàá, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn fúnra wọn kàn án, kí wọ́n kà á sókè níbi àdúrà àárọ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, kí Bàbá Káfíńtà jókòó síbẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ délẹ̀.